Màmá Iwájú Kì Í Ṣe Ẹrù

Ìyá àgbà mi ti kú, àwọn ènìyàn sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ nípa wọn. Lọ́jọ́ ìsìnkú, mo gbọ́ tí ẹnì kan ní onísùúrù ènìyàn ni wọ́n. Ẹlòmíì ní láti ìgbà tí òun ti mọ̀ wọ́n, wọn kò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Mi ò ta ko ẹnikẹ́ni, nítorí ẹ̀gbẹ́ òkú kọ́ ni a ti ń jiyàn. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi bá wọn gbé ilé kan náà ní Ṣakẹ́tẹ́, mo sì fẹ́ kọ èyí tí mo fojú ara mi rí, kí n sì ya èyí tí wọ́n sọ fún mi sọ́tọ̀. Wọn kì í ṣe onísùúrù. Wọ́n máa ń jà, pàápàá lójú ọ̀nà. Wọ́n dá mi lágara débi pé títí di òní, bí takisí bá fọn fèrè lẹ́yìn mi, ọrùn mi á kọ́kọ́ le kí n tó yíjú padà.

A ò mọ iye ọdún tí wọ́n lò láyé. “Ní nǹkan bí” ni ìjọba kọ síwájú ọdún tó wà nínú ìwé ìbí wọn, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ fún àwọn tí wọ́n bí sí oko. Ẹ̀yìn Pobẹ̀ ni wọ́n ti bí wọn, Ṣakẹ́tẹ́ ni wọ́n lọ́kọ sí, epo pupa ni wọ́n sì ń rà lọ́hùn-ún wá tà níhìn-ín. Fún ìdí èyí, ojú títì ni wọ́n ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ayé wọn.

Àwọn awakọ̀ ibùdókọ̀ Ṣakẹ́tẹ́ ò mọ orúkọ wọn. Màmá Iwájú ni wọ́n ń pè wọ́n. Ẹni tó bá mọ takisí ilẹ̀ wa mọ̀ pé èrò méjì ló máa ń há ara wọn mọ́ ẹ̀gbẹ́ awakọ̀, mẹ́rin á wà lẹ́yìn, ẹrù á wà nínú búùtù àti lórí ọkọ̀. Ìyá Àgbà kì í jókòó síbòmíì àfi iwájú, lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Bí wọ́n bá bá ènìyàn níbẹ̀, wọ́n á dúró de ọkọ̀ mìíràn. Wọn ò bínú sí ẹni tó jókòó síbẹ̀. Wọ́n á kàn dúró, àpò lọ́wọ́, bí ẹni pé ìjọba ló ní kí wọ́n dúró.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo máa ṣe bákì, ìdánwò àṣejáde girama, ní Pobẹ̀, wọ́n ní àwọn á sìn mí lọ. Takisí àkọ́kọ́ tó fẹ́ gbéra, àyè méjì ló kù nínú rẹ̀, ẹ̀yìn ni méjèèjì.

“Ẹ wọlé, Màmá Iwájú,” ni awakọ̀ náà wí. “Ti òní nìkan.”

“Kí ló ṣe òní?”

“Ọmọ yín ń lọ ṣèdánwò.”

“Ṣé ẹ̀yìn ọkọ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é?”

Gbogbo èrò ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Takisí náà lọ, èkejì náà lọ, ìkẹta ló gbé wa. Mo dé ẹnu ọ̀nà iyàrá ìdánwò bí wọ́n ṣe fẹ́ tì í. Mo yege, n kò sì lè fi ẹ̀rí hàn pé wọ́n pa mí lára. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ náà mo bi wọ́n, pẹ̀lú ohùn tí n kì í sábà lò fún àgbà, kí ni ẹ̀yìn ọkọ̀ ṣe fún wọn. Wọn ò bínú. Wọ́n ní, “Abẹ́ní, ẹ̀yìn ni wọ́n ń kó ẹrù sí.”

Ìtàn ilẹ̀ dúdú Ọ̀họ̀rí, mi ò sí níbẹ̀. Ẹnu wọn ni mo ti gbọ́ ọ, mo sì ti gbọ́ ọ nígbà tó pọ̀ tó fi jẹ́ pé mo ń fura sí àwọn apá kan nínú rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, ilẹ̀ apá ibẹ̀ máa ń gbá táyà mú bí ẹni pé ó ní eyín. Wọ́n ní ọkọ̀ epo àwọn rì sínú rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Awakọ̀ ní kí àwọn ọkùnrin sọ̀ kalẹ̀ wá tì í, kí àwọn obìnrin jókòó sórí ẹrù. Ìyá Àgbà sọ̀ kalẹ̀. Awakọ̀ pariwo, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n ki ẹsẹ̀ bọ ẹrẹ̀ tó dé orúnkún, wọ́n sì fẹsẹ̀ rìn dé ìlú kí ọkọ̀ tó dé. Bàbá mi, tí wọ́n jẹ́ àkọ́bí wọn, ní irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ nìyẹn: ẹrẹ̀ gba bàtà ẹsẹ̀ kan lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ní kí gbogbo èrò ọkọ̀ bá wọn wá a. Ìtàn méjèèjì lè jẹ́ òótọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tí àwọn méjèèjì fohùn ṣọ̀kan lé lórí ni ọ̀rọ̀ tí Ìyá Àgbà sọ fún awakọ̀ náà nígbà tó bá wọn níwájú: “Èrò ni mí. Ẹrù ni kì í lè sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀.”

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe àga takisí ni wọ́n ń jà fún. Ọ̀ràn ilé ìwòsàn ló là mí lójú. Ojú ń dùn wọ́n, Bàbá mi sì gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà kan ní Kútọnu, èmi náà tẹ̀lé wọn. Dókítà náà mọ iṣẹ́ rẹ̀, mi ò ní ẹ̀sùn kankan sí i. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí a wọlé títí a fi jáde, Bàbá mi ló ń bá sọ̀rọ̀, lédè Faransé. Ṣé ó ń sùn dáadáa? Ṣé ó ń jẹun? Ṣé kì í gbàgbé nǹkan? Ìyá Àgbà jókòó sáàárín àwọn méjèèjì, wọ́n ń wo ẹnu èyí, wọ́n ń wo ẹnu ìyẹn. Wọ́n gbọ́ èdè Gún dáadáa, wọ́n sì gbọ́ Faransé tó tó láti mọ̀ pé àwọn ni wọ́n ń sọ.

Wọn ò fọhùn títí a fi kọjá Àjàṣẹ́. Iwájú takisí ni wọ́n jókòó sí, nítorí náà ojú títì ni wọ́n dojú kọ nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀.

“Àkànjí, ó bi ọ́ bóyá mò ń jẹun.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi. Mo ní ẹ̀ ń jẹun.”

“Ẹnu ta ni mo fi ń jẹ ẹ́?”

 Awakọ̀ tí kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ náà dín orin rẹ̀ kù. Ìyá Àgbà wá bèèrè, láìyíjú padà: “Ṣé mo ti kú ni?”

Gbogbo èyí ti ṣẹlẹ̀ kí ọ̀rọ̀ Gánà tó dé. Àbígbẹ̀yìn wọn, tí èmi ń pè ní Tàǹtí Adùkẹ́, ń ránṣọ ní Ákírà, ibẹ̀ ló sì lọ́kọ sí. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi retí ọmọ. Nígbà tí wọ́n pè pé oyún náà ti pé oṣù mẹ́rin, kò sí ẹni tó jiyàn pé Ìyá Àgbà ló gbọ́dọ̀ lọ fi omi gbígbóná wẹ ìyá ọmọ, kí wọ́n sì fi àdí pa ọmọ lára. Bí wọ́n á ṣe lọ ni ìjà.

“Abẹ́ní á sìn yín lọ,” ni Bàbá mi wí.

“Rárá.”

“Màámi, ẹ máa kọjá bodè méjì kí ẹ tó dé ilẹ̀ tí wọn ò ti gbọ́ Gún, tí wọn ò gbọ́ Faransé. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ níbẹ̀.”

“Ẹni tó bá sìn mí lọ ni wọ́n máa bá sọ̀rọ̀. Èmi á wá di ẹrù ọwọ́ rẹ̀.”

“Ṣé ẹ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni?”

“Ṣebí ọmọ rẹ gbọ́ ọ? Ọdún mélòó lẹ fi rán an lọ sí yunifásítì? Kó kọ́ mi.”

Bàbá mi rò pé àwọn ti rí ọ̀nà àbáyọ. Wọ́n ní bí Ìyá Àgbà bá lè mọ ogójì ọ̀rọ̀ tí arìnrìnàjò nílò, tí wọ́n sì yege níwájú àwọn, wọ́n lè dá lọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èmi á sìn wọ́n, tàbí kí wọ́n jókòó sílé. Ìyá Àgbà gbà. Kò sí ẹni tó bi mí. Mo ti gba lísáǹsì, oyè yunifásítì, nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, mi ò tíì rí iṣẹ́, mi ò sì ní àwáwí kankan.

Mo ra káyé, ìwé àkọsílẹ̀ tuntun, mo fa ìlà sí i, mo kọ ogójì ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀ ní ìtòlẹ́sẹẹsẹ tó dá mi lójú: ti ibùdókọ̀, ti inú ọkọ̀, ti bodè. Wọn ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ kí ìwé wà níwájú wọn bí mo bá ń kọ́ wọn. Abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni a máa ń jókòó sí, wọ́n á máa ṣa ẹ̀kùrọ́ kúrò nínú èèpo.

“Luggage,” ni mo wí lọ́jọ́ kìíní.

“Kí nìyẹn?”

“Ẹrù, Ìyá Àgbà. Ẹrù arìnrìnàjò.”

“Ènìyàn tó jókòó ńkọ́? Kí ni wọ́n ń pè é?”

“Passenger. Ó wà nísàlẹ̀, a máa dé ibẹ̀.”

“Nísàlẹ̀ ẹrù?”

“Ìtò lásán ni.”

“Tún un tò.”

Mo ya ojú ìwé náà, mo tún ogójì ọ̀rọ̀ kọ. Èrò wà lókè, ẹrù wà nísàlẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti mọ “passenger” tinútinú, wọ́n ń pè é láàárọ̀ bí ẹni ń pe orúkọ ara rẹ̀, wọn kò sì rántí “luggage” mọ́ rárá. Mo gbà nígbà náà pé ọjọ́ ogbó ni. Mi ò gbà á mọ́.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú irin gba ọjọ́ mẹ́ta. Mo sọ fún wọn pé mo ṣèèṣì kọ ọ́ ni, pé kò sí ọkọ̀ ojú irin láàárín wa àti Ákírà. Ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu mi. Wọ́n ti wọ ọkọ̀ ojú irin Pobẹ̀ sí Àjàṣẹ́ nígbà tí wọ́n wà lọ́mọge, kí koríko tó bo irin rẹ̀. Wọ́n sọ ibi tó ń dúró sí fún mi, wọ́n sọ ẹni tó máa ń ta àkàrà lójú fèrèsé rẹ̀, wọ́n sọ obìnrin kan ará Tákọ̀n tí wọ́n bá jà nínú rẹ̀ àti ohun tí obìnrin náà wọ̀. Mo wo káyé mi: ọ̀rọ̀ mẹ́rìndínlógójì ló kù. Mo bẹ̀ wọ́n pé ká tẹ̀síwájú. Wọ́n ní, “Ọ̀rọ̀ tí mo ti gùn rí, mi ò ní gbàgbé rẹ̀. Àwọn tó kù ni kó o máa bẹ.”

Ibi tí gbogbo rẹ̀ ti dì pátápátá ni ibi tí mo ti fẹ́ kọ́ wọn bí a ṣe ń béèrè ọ̀nà. Mo sọ gbólóhùn náà fún wọn lédè Gẹ̀ẹ́sì, mo sì túmọ̀ rẹ̀: níbo ni ọkọ̀ tó ń lọ sí ibi báyìí wà?

“Ta lo kí?” ni wọ́n bi mí.

“Mi ò kí ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè ni.”

“Mo mọ̀ pé ìbéèrè ni. Kí ìbéèrè tó dé, ta lo kí?”

Mo ní wọ́n lè sọ “good morning”. Wọ́n ní ó dára. Wọ́n wá bi mí pé kí ni Gẹ̀ẹ́sì ń kí àwọn tó jókòó tí wọ́n ń retí ọkọ̀.

“Good morning náà ni.”

“Ẹni tó ń wakọ̀ ńkọ́?”

“Òun náà ni.”

“Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bàjẹ́ sójú ọ̀nà, tó ń tún un ṣe nínú oòrùn?”

“Ìyá Àgbà, òun náà ni.”

“Bí oòrùn bá ti wọ̀ ńkọ́?”

Mo mí kanlẹ̀. “Good evening.”

“Ẹni tó wà lórí ìrìn, tó ti kúrò nílé tí kò sì tíì dé ibi tó ń lọ? Òun nìkan ni mo fẹ́ mọ̀, mo ti fi àwọn yòókù sílẹ̀ fún ọ.”

“Kò sí,” ni mo wí. Ó ti sú mi, mo fẹ́ ká dé orí bodè kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Mo fi ìdánilójú tó ń tì mí lójú báyìí sọ ọ́ fún wọn pé Gẹ̀ẹ́sì kò ní ìkíni fún ẹni tó wà lórí ìrìn.

Wọ́n gbé abọ́ ẹ̀kùrọ́ sílẹ̀. “Àwọn yẹn ò ní ìrìnàjò nígbà náà. Ọkọ̀ nìkan ni wọ́n ní.”

Láti ọjọ́ náà, wọ́n ṣe òfin tiwọn. Wọ́n á kọ́kọ́ kí ènìyàn ní Yorùbá, kíkí tó kún, wọ́n á dúró kí ẹni náà dá wọn lóhùn ní èdè yòówù kó jẹ́, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó mú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan sọ. Mo ṣàlàyé pé ará Ákírà kò ní gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Mo ṣàlàyé rẹ̀ lọ́nà mẹ́ta. Mo ní ènìyàn á kàn máa wò wọ́n ni.

“Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn,” ni wọ́n wí. “Ẹni tí mo bá kí á wo ojú mi. Ẹni tó bá ti wo ojú mi, kò lè bá ẹlòmíì sọ̀rọ̀ gba orí mi kọjá.”

Ọjọ́ ìdánwò pé. Bàbá mi, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Pobẹ̀, wá ní ọjọ́ Àìkú. Wọ́n gbé tábìlì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n dé fìlà kan tí wọ́n rò pé ó jọ ti aṣọ́bodè, wọ́n sì fi Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ tí wọ́n mọ̀ béèrè ibi tí Ìyá Àgbà ń lọ.

“Ọ̀gá, ẹ kú ìjókòó,” ni Ìyá Àgbà dáhùn. “Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú oòrùn yìí. Ilé ńkọ́? Ìyàwó ńkọ́?”

“Màámi, ẹ dáhùn ìbéèrè.”

“Ìwọ náà, dáhùn ìkíni.”

“Aṣọ́bodè ni mí níbí.”

“Aṣọ́bodè ò ní ìyàwó?”

“Ó ní!” ni ìyá mi ké láti ilé ìdáná. “Àlàáfíà ló wà, Màámi! Ó ń ro ọkà lọ́wọ́!”

Bàbá mi ò lè ṣe kí wọ́n má rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì bí wọn nínú. Wọ́n ṣí fìlà. Wọ́n yíjú sí mi, wọ́n sì fi Faransé bi mí: nínú ogójì ọ̀rọ̀, mélòó ló mọ̀?

N kò tíì la ẹnu nígbà tí Ìyá Àgbà dìde. Mo rántí ojú wọn dáadáa, nítorí kì í ṣe ìbínú ló wà níbẹ̀. “Èmi ni mo jókòó níwájú rẹ, Àkànjí,” ni wọ́n wí. “O bi Abẹ́ní.”

Bàbá mi mọ̀ pé àwọn ti ṣe bíi ti dókítà yẹn. Ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ pé ẹni tí kò bá yege kò ní dá lọ, wọn kò sì yí ọ̀rọ̀ wọn padà. Láti ọjọ́ náà, Ìyá Àgbà kò bá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n máa ń se ọbẹ̀ tí Bàbá mi fẹ́ràn, wọ́n á fi rán mi sí Pobẹ̀, wọ́n á ní, “Sọ fún ẹrù rẹ pé kó jẹun.”

Tàǹtí Adùkẹ́ bímọ obìnrin. Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ náà, ilẹ̀ mọ́, mo bá Ìyá Àgbà nínú aṣọ ìrìn, agbọ̀n kan àti ìgò àdí méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

“Sìn mí dé Kútọnu.”

“Bàbá mi ńkọ́?”

“Ọmọ mi ni,” ni wọ́n wí, bí ẹni pé mo béèrè bí a ṣe bára tan.

Mi ò lè sọ pé mi ò mọ ohun tí mò ń ṣe. Mo ní tẹlifóònù lọ́wọ́, mo lè pe Bàbá mi, mi ò pè wọ́n. Títí di òní, n kò tíì mọ̀ bóyá ìgboyà ni tàbí àárẹ̀. Ní Kútọnu, mo kọ nọ́ńbà Tàǹtí àti àdúgbò wọn sórí páálí, mo fẹ́ fi pín-ìnnì lẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ wọn. Wọ́n já a gbà, wọ́n ki í bọ inú agbọ̀n.

“Ẹrù ni wọ́n ń lẹ ìwé mọ́.”

Wọn ò jẹ́ kí n wọ inú ibùdókọ̀. Wọ́n ní bí mo bá wọlé, èmi ni wọ́n máa bá sọ̀rọ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ọkọ̀ ńlá náà fi jáde. Iwájú ni wọ́n jókòó sí, lẹ́yìn awakọ̀ gan-an. Bí wọ́n ṣe rí i gbà, mi ò mọ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́nà, oríṣi mẹ́ta ni mo gbọ́. Ìyá Àgbà ní kò sí nǹkan kan. Tàǹtí ní awakọ̀ fi nọ́ńbà orí páálí pe òun láti bodè Gánà, ó ń bú ramúramù pé ìyá òun ti dá àwọn dúró, pé ìyá náà ń kí gbogbo ẹni tó wà lórí ìlà, kò sì tíì kí wọn tán. Obìnrin ará Kútọnu kan tó jókòó tì wọ́n, tó bá wọn gbé agbọ̀n dé ilé Tàǹtí, ní àwọn èrò ọkọ̀ kọ́kọ́ pariwo, ṣùgbọ́n nígbà tí aṣọ́bodè kan bi òun bóyá Màmá yìí jẹ́ ti òun, Ìyá Àgbà fi ọwọ́ kan àyà ara wọn, wọ́n ní “Passenger,” aṣọ́bodè náà sì dojú kọ wọ́n, ó ń fọwọ́ ṣàpèjúwe ìbéèrè rẹ̀ fún wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí ni mo gbà gbọ́ jù, nítorí obìnrin náà ò ní ìdí láti parọ́ fún wa. Mo bi í gbogbo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gbọ́ lẹ́nu wọn. Mẹ́ta ni. Oṣù márùn-ún, ogójì ọ̀rọ̀, mẹ́ta.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Bàbá mi ò fi bá mi sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kẹwàá, Ìyá Àgbà pè wọ́n fúnra wọn láti Ákírà. Mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, àfi èyí tí Bàbá mi ń tún sọ tẹ̀lé wọn, tí wọ́n ń mi orí: “Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi. Mo ti jẹun.”

Oṣù mẹ́fà ni wọ́n lò lọ́hùn-ún. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n wẹ ọmọ, wọ́n pa á lára, wọ́n gbé e fún ìyá rẹ̀, wọ́n sì jókòó sórí àpótí láti nu ọwọ́. Tàǹtí rò pé oorun ló gbé wọn lọ.

Bàbá mi ò lè lọ. Wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí wọ́n ti ṣe ìdánwò yẹn, wọ́n ní, “Ìwọ lo gbọ́ èdè. Lọ mú ìyá mi wá.”

Mo mú wọn bọ̀. Ọkọ̀ tí a rí gbà, àga kan ṣoṣo ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, ibi gbọọrọ kan sì wà lẹ́yìn fún pósí, pẹ̀lú bẹ́ǹṣì tóóró kan. Awakọ̀ náà jẹ́ ará Àjàṣẹ́, ó gbọ́ Yorùbá. Ó ní kí n bọ́ síwájú, ẹ̀yìn ò dára fún ènìyàn alààyè.

“Iwájú ní ẹni tó ni ín,” ni mo wí.

Ó wò mí bí èmi náà ti máa ń wo Ìyá Àgbà. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Láti Ákírà dé bodè, àga iwájú ṣófo, mo sì ní àyè láti ro ọ̀rọ̀ náà bó ṣe yẹ. Ìyá Àgbà fúnra wọn ló sọ àmì ẹrù fún mi. Ẹ̀yìn ni wọ́n ń kó o sí. Kì í lè sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Wọ́n máa ń lẹ ìwé mọ́ ọn, ìwé ilé ìwòsàn sì wà lára pósí náà, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Ẹlòmíì ni wọ́n máa ń bi léèrè nípa rẹ̀. Mo yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, mi ò rí èyí tí mo lè já ní koro.

Oòrùn ọ̀sán mú nígbà tí a dé bodè. Aṣọ́bodè kan wá pẹ̀lú ìwé ńlá kan lápá, ó fi Gẹ̀ẹ́sì bi awakọ̀, gba orí èmi náà kọjá, pé kí ni obìnrin tó wà lẹ́yìn yìí gbé. Mo ní gbogbo ìdáhùn lórí ahọ́n, lédè Gẹ̀ẹ́sì tó péye. Mi ò mọ ohun tó dí mi lọ́wọ́. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, “Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ẹ kú ìdúró. Ẹ kú oòrùn yìí o.”

Ó gbé orí sókè, ó wo ojú mi.  Mo dúró. Nígbà tó ṣe, ó dá mi lóhùn ní èdè tirẹ̀ tí mi ò gbọ́. Lẹ́yìn náà ló tó fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè, lọ́wọ́ mi, pé èrò mélòó ni.

“Two passengers,” ni mo wí.

Ó wo àga iwájú tó ṣófo. Ó wò mí. Ó wo pósí náà, ó sì pẹ́ lórí rẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀: méjì. Ó ṣí fìlà, ó tẹrí ba wọlé láti ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, kò sì wo ọ̀dọ̀ mi mọ́.

“Mama,” ó wí, “safe journey.”

Ọ̀rọ̀ méjì ni, ìkíni fún ẹni tó wà lórí ìrìn. Láti kọ́lẹ́ẹ̀jì ni mo ti mọ̀ wọ́n. Nígbà tí a dé Ṣakẹ́tẹ́, tí wọ́n ti gbé wọn sọ̀ kalẹ̀, mo lọ mú káyé náà, mo sì kà á láti òkè, láti orí “passenger”, títí dé ìsàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì yẹn ò sí nínú ogójì tí mo kọ́ wọn.